Bí Ọkọ̀ Bá Dẹnu Kọlẹ̀ Lọ́nà, Ta Ni Yóò Dúró?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìrìn àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà ni ó wà láàrin àjò àti ilé, orí ọ̀nà yìí sì ni ènìyàn ti ń mọ irú ẹni tí òun jẹ́. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ní ọdún yìí: bí ọkọ̀ ọmọnìkejì wa bá dẹnu kọlẹ̀ lójú ọ̀nà, kí ni ó tọ́ kí a ṣe? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tètè dá mi lóhùn. Èmi náà ti rò pé mo mọ ìdáhùn rẹ̀, kí ọkọ̀ àtijọ́ kan tó kọ́ mi lọ́gbọ́n.

Pijó 504 ni ọkọ̀ náà. Ilé wa ní Ìlaró ni ó wà. Bàbá bàbá mi ni ó rà á ní ọdún 1981 nígbà tí ó ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, àbúrò bàbá mi sì ni ó ń wà á nísinsìnyí. Àwọn ẹgbẹ́ mi lè máa wò ó bí ògbólógbòó irin lásán. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọdún 1968 ni àwọn ará Faransé kọ́kọ́ gbé irú ọkọ̀ yìí jáde. Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná níhìn-ín, ọdún yẹn náà ni 504 sì gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Safari ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, níbi tí ẹrẹ̀ àti eruku ti ń já àwọn ọkọ̀ olówó ńlá kulẹ̀. Ó tún gba ipò náà ní ọdún 1978. Nígbà tí àwọn ará Faransé fúnra wọn ti pa á tì, Kàdúná ṣì ń tò ó títí a fi kọjá ọdún 2000. Ta ni nínú àwọn òbí wa ni kò wọ Pijó elérò méje rí, tí mẹ́ta jókòó láàrin, tí mẹ́ta fún ara wọn lẹ́yìn, tí ẹnì kan sì jókòó níwájú bí ọba?

Ní agbègbè Yewa tiwa, tí a ń pè ní Ẹ̀gbádò títí di ọdún 1995, Pijó tún ní iyì mìíràn. Ẹ̀gbẹ́ ààlà ni a wà. Ìlà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fà ní ọdún 1889 la àárín àwọn ẹbí kọjá: àwọn kan bọ́ sí apá Ìmẹ̀kọ àti Ìlaró, àwọn kan bọ́ sí apá Kétu, Pọ̀bẹ̀ àti Ṣakété. Ọkọ̀ Faransé sì ni Pijó, nítorí náà tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni ó ń wà á ní ìhà méjèèjì. Ohun èlò tí ẹni kan kò bá rí ní ọjà tiwa, ìbátan rẹ̀ ní òdìkejì lè bá a wá a. Ọkọ̀ tí ó ti pé ogójì ọdún kò lè máa rìn láìsí ènìyàn lẹ́yìn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni àròkọ mi dúró lé.

Ní àkókò ìsinmi kan, a gbéra láti Ìlaró, à ń lọ sí ìgbéyàwó ẹbí wa kan ní Ìsẹ́yìn. Nítorí pé a fẹ́ gbé ìyá àgbà kan, ẹ̀gbọ́n ìyá bàbá mi, ní Ayétòrò, a kò gba Papalántò. Ọ̀nà Ayétòrò ni a mú, kí a lè ti ibẹ̀ já sí Abẹ́òkúta. A ti kọjá Ìgbógílà nígbà tí èéfín funfun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pá rọ́bà tí omi ń gbà wọ inú rẹdiétọ̀ ni ó bẹ́. Àbúrò bàbá mi wa ọkọ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, ó fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, ó sì ní kí n lọ ṣẹ́ ẹ̀ka igi wá. Mo tò wọ́n sí ojú ọ̀nà láti òkèèrè títí dé ẹ̀yìn ọkọ̀. Èdè tí gbogbo awakọ̀ ilẹ̀ wa gbọ́ nìyẹn: ewé tútù lójú ọ̀nà túmọ̀ sí pé ọkọ̀ kan ń bẹ níwájú tí kò lè rìn, kí ẹni tí ń bọ̀ rọra.

Mo ka ọkọ̀ mẹ́tàdínlógún tí ó kọjá wa. Wọ́n rí ewé, wọ́n rọra, wọ́n yà fún wa, wọ́n sì lọ. Ẹni tí ó dúró kò tilẹ̀ ní ọkọ̀. Àgbẹ̀ kan ni, orí kẹ̀kẹ́ ni ó wà, ó di ẹ̀gẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹ kú wàhálà o. Kí ló ṣe é?"

Àbúrò bàbá mi dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, nítorí àgbà ni ọkùnrin náà. Ó ní, "Bàbá, omi ló dà nù. Rọ́bà rẹ̀ ti bẹ́."

"Ẹ má tí ì ṣí ìdérí rẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kó tutù, kó má bàa bó yín lójú."

Bàbá náà yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà sí oko. Nígbà tí yóò fi dé, ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi kan àti ògbólógbòó tíúbù kẹ̀kẹ́ kan wá. Ó fi àdá gé tíúbù náà ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì wé e mọ́ ojú ibi tí ó bẹ́, ó ń fà á le, ó ń wé e lé ara wọn, títí ó fi ki bí ọrùn ọwọ́. A rọ omi, a tan ọkọ̀, kò jò. Àbúrò bàbá mi na owó sí i. Bàbá náà wo owó náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bí mo bá gba owó omi lọ́wọ́ yín lónìí, èló ni n óò gbà lọ́wọ́ ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó?" Ohun kan ṣoṣo ni ó bẹ̀ wá. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ kò mú ní àyíká ibẹ̀. Ó ní kí a bá òun sọ fún àbúrò òun, tí ó ń ṣe fọgánáísà ní Ayétòrò, pé òun kò ní lè wá sí ọjà mọ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà náà ni ó yé mi pé ọjà ni ó ń lọ kí ó tó dúró tì wá. A jíṣẹ́ náà. Fọgánáísà náà gbọ́, ó kí wa, ó sì fi wáyà dè é kún tíúbù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láì ka iye kan fún wa.

A gbé ìyá àgbà, a kọrí sí Abẹ́òkúta. Kí a tó dé Rounder, ẹ́ńjìnnì kú mọ́ wa lọ́wọ́. Kò sí èéfín, kò sí ariwo. Ó kàn dákẹ́. Mẹkáníìkì kan tí ń gun ọ̀kadà kọjá dúró, ó wò ó, ó sì dá iye owó kan tí ó mú kí ìyá àgbà di orí mú. Kì í ṣe iṣẹ́ ni ó díye lé. Ìyá àgbà tí ó jókòó sínú oòrùn ni ó díye lé. Bí a ti ń bẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan dúró. Àwọn èrò inú bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Obìnrin kan pariwo pé, "Awakọ̀, ṣé torí ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ la ṣe sanwó fún ọ ni?" Awakọ̀ náà ní, "Ẹ má bínú, ìyá wa. Tiwọn lónìí, a kì í mọ ti ẹni tó kàn." Ó ṣí ìdérí ibi tí iná ti ń pín sí plọ́ọ̀gì, ó ní kí n mú ìṣáná wá, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ páálí rẹ̀, ibi tí a ń ṣá, fá ojú irin kékeré méjì tí ó ti dúdú. Ó gé páálí náà, ó fi wọn àlàfo àárín wọn. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọkọ̀ hó.

Ibí yìí ni àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń gbà wí fún mi pé ẹ̀bi ọkọ̀ àtijọ́ ni gbogbo èyí, pé ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ tuntun ti bọ́ lọ́wọ́ ìyà. N kò rò bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tuntun kì í tètè bàjẹ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó bá bàjẹ́, kò sí páálí ìṣáná tí ó lè wò ó sàn. Kọ̀ǹpútà ni ó wà nínú rẹ̀, ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí ń bá kọ̀ǹpútà náà sọ̀rọ̀ nìkan ni ó lè mọ àìsàn rẹ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì sí nínú igbó tí ó wà láàrin Ìgbógílà àti Ayétòrò. Ọlọ́kọ̀ àtijọ́ nílò ẹni tí yóò bá a tún un ṣe. Ọlọ́kọ̀ tuntun nílò ẹni tí yóò bá a lọ pe ẹni tí yóò tún un ṣe. Àti ẹni tí ó wọ Pijó, àti ẹni tí ó wọ jíìpù, àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí fún ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ó ń dùn mí. Ní ọjọ́ kẹta, à ń padà bọ̀ láti Ìsẹ́yìn. Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́ nígbà tí a kúrò ní Abẹ́òkúta. Ní ibì kan tí igbó ti ki, kí a tó dé Ayétòrò, a rí ewé lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ kan dúró, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Ọkùnrin kan ń fi iná fóònù rẹ̀ júwe sí wa. Obìnrin kan jókòó lórí òkúta, ó gbé nǹkan lé ẹsẹ̀; bóyá ọmọ ni, bóyá ẹrù ni, n kò lè sọ. Àbúrò bàbá mi rọra. Lẹ́yìn náà ó tẹná mọ́ ọn, a sì kọjá. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀, àní ìyá àgbà pàápàá. Àwa tí àgbẹ̀ pa ọjà rẹ̀ tì nítorí wa, tí awakọ̀ fara gba èébú nítorí wa, àwa ni a ṣe bẹ́ẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹ dá àbúrò bàbá mi lẹ́bi kíákíá. Ohun tí ó ń bà á lẹ́rù kì í ṣe àlá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti dúró fún ẹni tí ó ń júwọ́, tí ó sì jẹ́ pé adigunjalè tàbí ajínigbé ni ó dúró fún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, nígbà tí rògbòdìyàn àwọn àgbẹ̀ àti àwọn darandaran le ní Àríwá Yewa, àwọn ará ìlú wa kan sá kọjá ààlà lọ sí Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin. Ẹni tí ó ti rí irú èyí kò lè máa wo igbó ní alẹ́ bí ó ti ń wò ó tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀rù àwọn aláṣẹ náà ń bẹ níbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba ti ààlà orí ilẹ̀ pa nítorí fàyàwọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé epo lọ sí ilé epo tí ó bá wà láàrin kìlómítà 20 sí ààlà. Ẹ wá fi ojú inú wò ó: ẹni tí ó bá gbé kẹ́ẹ̀gì epo dání lójú ọ̀nà ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, láti fi ran ẹni tí epo tán mọ́ lọ́wọ́, báwo ni yóò ṣe fi hàn pé òun kì í ṣe onífàyàwọ́? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀ nìkan. Ní ọdún 2017, ó di dandan kí orílẹ̀-èdè wa ṣe òfin pé kí ilé ìwòsàn gba ẹni tí ìbọn bà, ìbáà ní ìwé ọlọ́pàá, ìbáà má ní in. Bí ẹ̀rù ìbéèrè kò bá ti ń pa ènìyàn, kí ni à bá fi irú òfin bẹ́ẹ̀ ṣe?

Ní ìlú àwọn òyìnbó, wọ́n fi owó yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1905 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ tí a mọ̀ sí AA sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó lè pa yín lẹ́rìn-ín pé nítorí kí wọ́n lè máa kìlọ̀ fún ara wọn pé ọlọ́pàá lúgọ síwájú ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn awakọ̀ tiwa ti ń ṣẹ́ná sí ara wọn títí di òní. Ẹ̀yìn náà ni ó di ẹgbẹ́ tí ń gba ọkọ̀ tí ó bàjẹ́ sílẹ̀. Ní Jámánì, láti ọdún 1954 ni àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ ADAC ti ń fi ọkọ̀ aláwọ̀ ìyeyè wọn kiri òpópónà láti tún ọkọ̀ ṣe. Ẹni tí ó bá ti san àsansílẹ̀ kàn ní láti pè wọ́n ni. Ìlànà tí ó dára ni, kò sì burú bí àwa náà bá ní irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó fi tíúbù kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tún ọkọ̀ wa ṣe kò mọ̀ wá rí, a kò sì san àsansílẹ̀ kankan fún un. Ohun tí àwọn kan ń fi owó rà ni àwa ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Bí a bá jẹ́ kí ó parun, owó láti fi ra òmíràn kò sí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa.

Èwo ni ṣíṣe? Mo ti rò ó títí. Ohun tí ó ń dùn mí nípa alẹ́ ọjọ́ náà kì í ṣe pé a kò dúró. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọgbọ́n. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé lẹ́yìn tí a kọjá wọn, a gba abúlé méjì kọjá, a rí ìsọ̀ fọgánáísà kan tí iná ń tàn níbẹ̀, àwọn ọlọ́pàá sì dá wa dúró lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kí a ṣí búùtù. A ṣí i. A dáhùn gbogbo ohun tí wọ́n bi wá. A kò sì sọ fún ẹnì kankan pé àwọn ènìyàn kan ń bẹ lẹ́yìn nínú òkùnkùn. Ẹ̀rù lè dá ènìyàn dúró láti má sọ̀kalẹ̀ nínú igbó, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù ni ó di ẹnu wa ní ibi tí iná ti ń tàn. Àìbìkítà ni. A ti pinnu lọ́kàn ara wa pé níwọ̀n bí a kò ti lè dúró, ọ̀rọ̀ náà kò kàn wá mọ́.

Àṣìṣe tí mo fẹ́ kí a fà tu nìyẹn. Ìrànlọ́wọ́ ojú ọ̀nà kì í ṣe dídúró nìkan. Ẹni tí kò bá lè dúró, kí ó jíṣẹ́. Àgbẹ̀ yẹn ràn wá lọ́wọ́, iṣẹ́ ni ó sì rán wa. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ jíjẹ́ náà jẹ́ ìrànlọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán, tí àwọn ènìyàn sì wà ní àyíká, kí a dúró. Bí ó bá jẹ́ òru tàbí inú igbó, tí ọkàn wa kò balẹ̀, kí a kọjá, ṣùgbọ́n kí a fi ojú mú ibi tí a ti rí wọn, kí a sì sọ ọ́ ní abúlé àkọ́kọ́, ní ìsọ̀ àkọ́kọ́, tàbí fún ọlọ́pàá àkọ́kọ́ tí a bá bá pàdé. Bí fóònù bá mú, kí a pe nọ́ńbà 122, èyí tí í ṣe ti Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, tí Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. A kò ní san kọ́bọ̀ lórí ìpè náà.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún kù fún àwọn tí ọkọ̀ wọn bàjẹ́ àti àwọn tí ń tún un ṣe. Ẹni tí ó to ewé àti òkúta sójú ọ̀nà, kí ó kó wọn kúrò kí ó tó lọ, nítorí òkúta tí ó gba ọkọ̀ tirẹ̀ là lọ́sàn-án lè pa ọlọ́kadà lálẹ́. Ewé tí kò sì sí ọkọ̀ níwájú rẹ̀ irọ́ ni ó ń pa. Bí irọ́ bá pọ̀, kò sí awakọ̀ tí yóò tún gba ewé gbọ́. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, iṣẹ́ lówó lórí, ẹ gba owó iṣẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ má gba owó oòrùn, ẹ má gba owó ìyá àgbà, ẹ má gba owó ilẹ̀ tí ń ṣú.

Kí ni ó kan ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú èyí? Ó kàn wá gidigidi. Ọdọọdún ni à ń kọ̀wé nípa ìwà ọmọlúàbí nínú ìwé ìròyìn yìí, à ń wá a kiri inú oríkì, inú ẹsẹ Ifá àti inú àlọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orí kẹ̀kẹ́ ni mo ti rí i, ó di ẹ̀gẹ́ mọ́ ẹ̀yìn, kò sì bèèrè ẹni tí a jẹ́. Gbogbo wa ni yóò gun ọkọ̀ lọ sílé ní ìparí sáà yìí. Ẹ jẹ́ kí a bá awakọ̀ wa sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí èrò má bú awakọ̀ tí ó bá dúró fún ọmọnìkejì rẹ̀.

Ní ti àwọn tí a fi sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, n kò mọ bí wọ́n ṣe délé. Òjò tí ń rọ̀ kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́. Ẹni eji rí ni eji ń pa. Pijó wa ṣì ń rìn, tíúbù bàbá àgbẹ̀ kò sì tí ì kúrò lára rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì náà ni mo máa ń rántí gbèsè tí a jẹ lójú ọ̀nà Ayétòrò, tí a kò tí ì san.

Ọ̀nà yóò là fún wa o.